Ta Ló Yẹ̀ fún Ta?

Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni mo gbé wá lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ Òyìnbó tí lẹ́tà rẹ̀ kò ju márùn-ún lọ. "Defer" ni. Ẹlòmíràn lè máa wí pé, kí ló wà nínú ìyẹn tí àgbàlagbà fi jókòó ti ìwé àti gègé? Ẹ fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré yìí ló gba igi ọ̀pẹ méjìlélógún lọ́wọ́ bàbá mi, èmi ọmọ rẹ̀ sì ni ògbufọ̀ ọjọ́ náà.

Ọdún 1973 ni. Mo wà ní kíláàsì kẹfà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ abúlé wa ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, níbi tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé Òkìtìpupa láàárọ̀ kó sì padà sílé kí oòrùn tó wọ̀. Western State là ń jẹ́ nígbà náà. Ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976 ni wọ́n tó dá Ondo State sílẹ̀. Àgbẹ̀ ni bàbá mi. Ó ní ọ̀pẹ, ó ní rọ́bà díẹ̀, ó ní ẹ̀gẹ́ tí ìyá mi fi ń ṣe púpurú lọ sọ́jà. Kò kàwé rárá, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ìwé. Bí mo bá ń kàwé lálẹ́, á gbé àtùpà sún mọ́ mi, á ní òun kò fi iná ṣe nǹkan kan, kí n máa lò ó.

Ní nǹkan bí ọdún méjì ṣáájú, wọ́n ti gba apá kan nínú ilẹ̀ rẹ̀ fún iṣẹ́ ìjọba. Wọ́n wọn ilẹ̀ náà, wọ́n ka igi orí rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ní kó fi àtàǹpàkò tẹ ìwé, kó sì lọ máa retí owó gbà-má-bínú. Bàbá mi kò janpata. Ó ní ìjọba kì í jẹ gbèsè. Ló bá ń retí.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́tà dé. Bàbá mi kò jẹ́ kí n ṣí i títí ó fi ránṣẹ́ pe àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì àti ìyá mi àgbà. Nígbà tí gbogbo wọn jókòó tán, ó ní, "Ó yá, Akọ̀wé, kà á fún wa."

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ o. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ náà gan-an ni tíṣà wa kọ ọ̀rọ̀ yìí sójú pátákó. Ó ní ọmọ tó mọ̀wà hù gbọ́dọ̀ máa "defer to" àwọn àgbà. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún wa pé: ẹ máa yẹ̀ fún wọn lọ́nà, ẹ máa gbà fún wọn, bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ kí ẹ panu mọ́. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, mo kọ́ ọ sórí. Nígbà tí mo wá la lẹ́tà yìí, ọ̀rọ̀ gbọọrọ-gbọọrọ ló kún inú rẹ̀, n kò mọ ìdajì wọn. Ṣùgbọ́n ní àárín gbùngbùn rẹ̀, mo rí ọ̀rẹ́ mi: mo rí "deferred", mo sì rí "to" lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, mo rí ọdún tó ń bọ̀. Inú mi dùn bí ẹni rí owó he. Mo gbé ohùn sókè, mo ní, "Bàbá, wọ́n ti yẹ̀ fún yín o! Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ jàre. Ọdún tó ń bọ̀ ni owó yín."

Haa! Ayọ̀ ọjọ́ náà kò ṣeé fẹnu sọ. Ìyá mi àgbà dìde, ó jó. Wọ́n pa òbúkọ. Bàbá mi gbé mi sórí itan rẹ̀, èmi ọmọkùnrin tí mo ti ń lọ sí ọdún méjìlá. Kí oṣù náà tó parí, ó lọ bá ọkùnrin olówó kan, ó fi ọ̀pẹ méjìlélógún dógò, ó gba owó, ó fi ra páànù, ó kan ilé wa. Ó ní bí owó ìjọba bá dé lọ́dún tó ń bọ̀, òun á ra ọ̀pẹ òun padà kíákíá.

Ọdún yípo, lẹ́tà mìíràn dé. Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, nítorí pé bí wọ́n bá ti yẹ̀ fún èèyàn léṣìí, kí ni wọ́n tún ń yẹ̀ fún un ṣe lọ́dún yìí? Mo mú lẹ́tà méjèèjì tọ tíṣà lọ, bàbá mi sì tẹ̀ lé mi. Tíṣà kà á, ó wò mí, ó wo bàbá mi, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, wọn kò tíì fẹ́ san án. Wọ́n ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Ohun tí wọ́n sì wí léṣìí náà nìyẹn."

Bàbá mi kò nà mí. Ì bá sàn kó nà mí. Ó dákẹ́ títí, ó wá béèrè lọ́wọ́ tíṣà pé, "Ṣé ọjọ́ ló yẹ̀ ni, àbí àwọn ló yẹ̀ fún mi?"

Tíṣà ní, "Ọjọ́ ló yẹ̀, Bàbá."

Bàbá mi mi orí. Ó ní, "Ọjọ́ kì í dá yẹ̀ fúnra rẹ̀, tíṣà. Bí ọjọ́ bá yẹ̀, ẹnì kan ló yẹ̀ fún ẹnì kan. Ta ló yẹ̀ fún ta?"

Ìbéèrè yìí ni mo ti ń gbé kiri láti ọjọ́ náà, òun náà ni mo sì gbé wá fún yín lónìí.

ÌBEJÌ TÍ KÌ Í ṢE ÌBEJÌ

Nígbà tí mo dàgbà, tí èmi náà di tíṣà, mo lọ wá ìtàn ọ̀rọ̀ náà rí, nítorí pé ẹni tí ejò bá bù jẹ rí a máa fẹ́ mọ irú ejò tó jẹ́. Ohun tí mo rí yà mí lẹ́nu. "Defer" tó túmọ̀ sí pé kí á sún nǹkan síwájú, àti "defer" tó túmọ̀ sí pé kí á gbà fún ẹlòmíràn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n. Ìyá wọn yàtọ̀, ìrìn wọn yàtọ̀. Ìró ẹnu ló wá sọ wọ́n di ìbejì.

Ní 1066, William tó jẹ́ olórí Normandy kó ogun sọdá omi, ó ṣẹ́gun àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gorí oyè wọn. Láti ìgbà náà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, Faransé ni wọ́n ń sọ láàfin àti nílé ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àgbẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bá ní ẹjọ́ á dúró kí ẹni tó gbọ́ Faransé túmọ̀ rẹ̀ fún un, gẹ́gẹ́ bí bàbá mi ṣe dúró tì mí. Ẹ̀yin kò rí nǹkan? Òyìnbó tó ń kọ lẹ́tà sí wa, òun náà ti jẹ́ ẹni tí à ń túmọ̀ lẹ́tà fún rí. Inú èdè àwọn tó ṣẹ́gun wọn yìí ni "defer" méjèèjì ti wá, láàárín nǹkan bí ọdún 1300 sí 1500.

Látìn sì ni ìyá Faransé. Nínú Látìn, "ferre" ni "gbé". "Differre" ni kí á gbé nǹkan lọ sọ́tọ̀, sí ibòmíràn tàbí sí ìgbà mìíràn. "Deferre" ni kí á gbé nǹkan sọ̀kalẹ̀, kí á gbé e lọ fún ẹnì kan, kí á gbé ọ̀rọ̀ lọ síwájú ẹni tó lè dá a. Ti àkọ́kọ́ ló bí "defer" tó ń sún ọjọ́, òun kan náà ló sì bí "differ" tó túmọ̀ sí pé kí nǹkan yàtọ̀. Ti ìkejì ló bí "defer" tó ń tẹrí ba.

Àwọn ọmọ tí wọ́n bí náà kò jọra. "Deferment" ni ọmọ ti sísún ọjọ́. "Deference" ni ọmọ ti ọ̀wọ̀. Ẹni tó bá mọ ọmọ, á mọ ìyá. Ọ̀nà tí a ń gbà lò wọ́n kò sì le. Ti ọjọ́, nǹkan là ń sún: ìpàdé, ìdìbò, owó. Ti ọ̀wọ̀, èèyàn ni à ń gbà fún, tàbí ìmọ̀ èèyàn, "to" sì gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn. Ibi tí kòtò wà ni pé ti ọjọ́ náà lè mú "to" dání bí wọ́n bá fẹ́ dárúkọ ìgbà tí wọ́n sún nǹkan sí. Inú kòtò yẹn ni mo jìn sí ní 1973. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ yìí nínú lẹ́tà, ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé "to". Bí ó bá jẹ́ èèyàn, ọ̀wọ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́, ẹ má pa òbúkọ.

Kí á má fi Òyìnbó ṣe yẹ̀yẹ́ púpọ̀, nítorí pé àwa náà ní tiwa. Bí ọjọ́ ìgbéyàwó kò bá tó mọ́, a máa ń ní ó yẹ̀. Àdéhùn a máa yẹ̀. Bí àgbà bá ń bọ̀ lọ́nà tóóró tó ru ẹrù, a ní kí ọmọdé yẹ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń ṣe iṣẹ́ "defer" méjèèjì. Bí ẹ bá sì yọ àmì ohùn kúrò lórí rẹ̀, ó di "yẹ", ohun tó tọ́, ohun tó dára. Ohun tó yẹ àti ohun tó yẹ̀, àmì kékeré kan ló wà láàárín wọn.

Ẹ tún wo "iwájú". Àwọn Òyìnbó ní ọ̀rọ̀ mìíràn, "postpone". Ẹ̀yìn ni wọ́n fi nǹkan sí nínú ìyẹn bí a bá tú Látìn inú rẹ̀. Àwa ní tiwa, iwájú la sún nǹkan sí. Bí a bá sì ní ẹjọ́, a ní a gbé e síwájú ọba. Iwájú kan náà ni. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ohun tí a gbé síwájú ọba, ọba ń wò ó. Ohun tí a sún síwájú lásán, ta ló ń wò ó? Ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè nìkan ni.

Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther jẹ́ aṣáájú wọn, pàdé ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé Òwe, orí 13, ẹsẹ 12, níbi tí wọ́n ti sọ nípa ìrètí tó ń kó àìsàn bá ọkàn. Gẹ̀ẹ́sì lo "deferred" níbẹ̀. Àwọn tiwa kò lo sísún síwájú rárá. Pípẹ́ ni wọ́n lò. Lójú mi, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹni tó ń sún nǹkan ló ń pè é ní sísún. Lójú ẹni tó ń dúró, ó pẹ́ ni.

Àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà náà mọ pípẹ́ yìí dáadáa. Ní 1865 ni òfin fòpin sí oko ẹrú níbẹ̀. Ní 1965 ni òfin tó dáàbò bo ẹ̀tọ́ wọn láti dìbò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko. Nígbà tí akéwì wọn Langston Hughes gbé ìwé ewì kan jáde ní 1951 nípa àlá àwọn ará Harlem, ọ̀rọ̀ yìí ló fi sínú àkọlé rẹ̀: "Montage of a Dream Deferred". Nígbà tí mo rí àkọlé yẹn, bàbá mi ni mo rántí.

Ọ̀DÀ AGBABU

Kì í ṣe bàbá mi nìkan ni wọ́n sún síwájú ní agbègbè wa. Ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ gan-an jẹ nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé Agbabu. Kò jìnnà sí Òkìtìpupa. Ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo ló wà. Bí oòrùn bá mú níbẹ̀, ọ̀dà dúdú a máa yọ́ jáde láti inú ilẹ̀ láìsí ẹni tó wà á, á máa lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀. Irú ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì nìyẹn. Ó wà káàkiri nínú ilẹ̀ láti Ògùn, gba Ondo, dé Edo.

Ní nǹkan bí 1908, ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Nigerian Bitumen Corporation bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀ ní agbègbè Òkìtìpupa yìí. Wọ́n ń wá ọ̀dà, wọ́n sì ń wá epo rọ̀bì. John Simon Bergheim lorúkọ ọ̀gá wọn. Ìjọba amúnisìn Southern Nigeria fẹ́ràn iṣẹ́ náà débi pé wọ́n yá wọn lówó. Ẹ rántí pé wọn kò tíì so Àríwá àti Gúúsù pọ̀ nígbà náà. 1914 ni wọ́n so wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n Bergheim kú ní 1912. Nígbà tó di 1914, ogun àgbáyé kìíní bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ dúró. Ó di ìgbà tí ogun bá parí.

Ogun parí ní 1918, wọn kò padà. Ìgbà tí àwọn mìíràn tún máa wá, Shell D'Arcy ni, ní àwọn ọdún 1930, ìlà oòrùn ni wọ́n sì kọjú sí. Ní 1956, wọ́n rí epo tó pọ̀ tó tà ní Oloibiri, tó wà ní ìpínlẹ̀ Bayelsa báyìí. Láti ọjọ́ náà, epo rọ̀bì di ọkọ ìyàwó, ọ̀dà Agbabu di ọ̀rẹ́ tó dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ìjọba kan á dé, á ní ọ̀rọ̀ ọ̀dà ti yá. Á lọ, òmíràn á dé, á tún sọ bẹ́ẹ̀. 1914 lọ, 2014 dé, ọ̀dà ṣì ń yọ́ lásán nínú oòrùn, àwọn agbaṣẹ́ṣe sì ń ra ọ̀dà tó wọkọ̀ ojú omi wá láti òkèèrè láti fi ṣe títì wa.

Bí a bá bi ìbéèrè bàbá mi níbẹ̀, ìdáhùn wà. Kì í ṣe ọjọ́ ló dá yẹ̀. Ọ̀dà ló yẹ̀ fún epo rọ̀bì, nítorí pé epo rọ̀bì rọrùn láti fà, owó rẹ̀ sì yá. Ẹni tí owó rẹ̀ yá ni wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn. Èmi kò sọ pé ìyẹn burú tàbí ó dára. Ohun tí mo ń sọ ni pé ká máa pe orúkọ ẹni tí a yẹ̀ fún, kí á má máa di ẹ̀bi ru ọjọ́.

Pípẹ́ sì ní ewu mìíràn. Bí nǹkan bá pẹ́ nílẹ̀, ilẹ̀ á yí mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1978, ìjọba ológun gbé òfin ilẹ̀ jáde, tó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ gómìnà rẹ̀ kó máa tọ́jú rẹ̀ fún aráàlú. Lábẹ́ òfin náà, ilé àti igi tó wà lórí ilẹ̀ ni wọ́n ń sanwó fún jù bí ìjọba bá gba ilẹ̀. Nígbà tí bàbá mi tún lọ béèrè owó rẹ̀ lọ́dún náà, akọ̀wé tó bá lẹ́nu iṣẹ́ sọ fún un pé òfin ti yí, ìwé rẹ̀ àtijọ́ kò sì sí nínú fáìlì, kó lọ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ń sún un síwájú, ní ọdún kẹfà wọ́n ní kò tíì gbéra.

ÀWỌN TÓ Ń DÁ ỌJỌ́

Ẹ̀yin ará ìlú ńlá, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ oko nìkan ni mo ń sọ. Gbogbo Nàìjíríà ló ti jókòó síbi tí bàbá mi jókòó sí.

Ọ̀gágun Gowon ṣèlérí pé òun yóò gbé ìjọba fún alágbádá ní 1976. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1974, ó jáde sọ pé 1976 kò ṣeé ṣe mọ́. Kò dá ọjọ́ mìíràn. Ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 1975, àwọn ológun ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó gbà á dá ọjọ́ tiwọn, ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1979. Wọ́n pa Murtala Muhammed kí ọjọ́ náà tó pé, síbẹ̀ Obasanjo tó gbapò rẹ̀ kò yẹ ọjọ́ náà. Mo rántí pé bàbá mi gbọ́ ọ lórí rédíò, ó ní, "Ó ṣeé ṣe nígbà náà."

Ti Babangida ni ká sọ. Ó kọ́kọ́ dá 1990. Ó yẹ̀, ó di 1992. Ó tún yẹ̀, ó di ọjọ́ 2 oṣù kìíní ọdún 1993. Ó tún yẹ̀, ó di ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún náà. Láàárín rẹ̀, a dìbò ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà, wọ́n fagi lé e ní ọjọ́ 23 oṣù kan náà. Nígbà tí ilẹ̀ gbóná mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó kúrò ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ. Ṣé ẹ rántí ohun tó sọ? Ó ní òun yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ni. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ bàbá mi ṣẹ? Ọjọ́ yẹ̀, yẹ̀, yẹ̀, títí ó fi kan èèyàn, èèyàn náà yẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọdún 2015 ni "defer" méjèèjì pàdé ara wọn lójúmọmọ. Ọjọ́ 14 oṣù kejì ni wọ́n dá fún ìdìbò ààrẹ. Ní ọjọ́ 7 oṣù náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Attahiru Jega tó jẹ́ alága àjọ elétò ìdìbò sọ pé ó di ọjọ́ 28 oṣù kẹta. Kí ló fa èyí? Àwọn ọ̀gá ológun àti aláàbò ló sọ pé àwọn kò lè fọwọ́ sọ̀yà ààbò lásìkò náà nítorí ogun tó ń lọ ní ìlà oòrùn Àríwá. Àjọ yẹ̀ fún àwọn ológun, ìyẹn "defer" ti ìkejì. Ìdìbò wá yẹ̀, ìyẹn ti àkọ́kọ́. Inú èèyàn púpọ̀ kò dùn. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì ló yàtọ̀ sí lẹ́tà ti bàbá mi. Wọ́n sọ ẹni tí wọ́n yẹ̀ fún, wọ́n sì dá ọjọ́ gidi tó pé bí wọ́n ṣe dá a.

Nígbà tí ìbò náà sì parí, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta, Ààrẹ Goodluck Jonathan gbé fóònù, ó pe Muhammadu Buhari tó ta á yọ, ó kí i kú oríire. Ó gbà fún un. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí nílẹ̀ wa, pé kí ààrẹ tó wà lórí oyè yẹ̀ fún ẹni tó na án nínú ìbò. Ohun yòówù tí ẹ bá rò nípa àwọn méjèèjì, ọjọ́ náà kọ́ mi ní ohun kan. Látìgbà tí mo ti ń gbọ́ yíyẹ̀, ẹni tí kò lágbára ló ń yẹ̀ fún alágbára. Ọjọ́ náà ni mo rí i tí ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹ̀.

YÍYẸ̀ TÓ YẸ

Ní ọdún mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, ọdún 2019, wọ́n tún sún ìdìbò, láti ọjọ́ 16 oṣù kejì sí ọjọ́ 23. Wákàtí díẹ̀ péré ló kù kí ìbò bẹ̀rẹ̀ tí ìkéde fi jáde lóru. Èèyàn ti rin ìrìn àjò lọ sí ìlú wọn láti dìbò. Ìyẹn ló mú mi máa ronú pé kì í ṣe yíyẹ̀ fúnra rẹ̀ ló burú. Nǹkan a máa ṣẹlẹ̀. Ọ̀nà tí a gbà yẹ̀ ni ọ̀rọ̀.

Nílé wa ní Ìkálẹ̀, yíyẹ̀ ní òfin. Ọba pọ̀ lọ́dọ̀ wa: Abodi wà ní Ikoya, Jegun ní Idepe, Rebuja ní Osooro, Halu ní Aye, Olofun ní Irele. Kò sí ọmọ Ìkálẹ̀ tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ọ̀rọ̀ síwájú ọba tàbí baálé, tí kò lè dá a lọ́jọ́ náà, á dá ọjọ́ fún àwọn tó ni ẹjọ́, á fi ọjọ́ ọjà ṣàmì rẹ̀, gbogbo àgbà tó wà níjòókòó á sì gbọ́. Bí ọjọ́ náà bá kò, òun fúnra rẹ̀ ni ojú á máa tì. Kì í ṣe ẹni tó kúnlẹ̀ ló ń tọ ọjọ́ náà kiri; ẹni tí a kúnlẹ̀ fún ni ọjọ́ náà wà lọ́rùn rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni nídìí oúnjẹ. Bí púpurú àti ẹja bá délẹ̀, ọmọdé á yẹ̀ fún àgbà kó kọ́kọ́ mú. Ṣùgbọ́n àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Òwe yẹn ni ìdajì kejì ọ̀wọ̀, òun sì ni tíṣà mi kò kọ sójú pátákó ní 1973. Ó kọ́ wa pé kí á yẹ̀ fún àgbà. Kò kọ́ wa pé gbèsè ni àgbà jẹ ẹni tó yẹ̀ fún un. Bàbá mi yẹ̀ fún ìjọba, ó fi ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ láìjà, láìtahùn. Wọ́n wá fi yíyẹ̀ tirẹ̀ ṣe ìdí tí wọ́n fi lè yẹ ọjọ́ tirẹ̀. Nínú Látìn, ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n. Lára bàbá mi, ọ̀kan ṣoṣo ni: ẹni tó ń gbà fún wọn ni wọ́n ń sún síwájú, nítorí pé wọ́n mọ̀ pé kò ní pariwo.

Èmi náà kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Èmi ni mo túmọ̀ ohun tí n kò mọ̀. Ká ní mo wí pé, "Bàbá, n kò gbọ́ apá yìí, ẹ jẹ́ ká bi tíṣà," ọ̀pẹ méjìlélógún kò bá má kúrò nílé wa. Ojú ló tì mí láti yẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ẹ ò rí nǹkan? Ọ̀rọ̀ tí mò ń kà gan-an ni n kò ṣe.

Bàbá mi kú ní 1984. Owó náà kò dé. Ní 1988, mo kó owó tí mo fi pa mọ́ lórí iṣẹ́ tíṣà, mo lọ ra ọ̀pẹ wa padà lọ́wọ́ àwọn ọmọ olówó náà. Mọ́kàndínlógún ló kù lórí ìdúró. Páànù tí bàbá mi fi owó wọn rà ṣì wà lórí ilé náà fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀ lé e, ìyá mi a máa ní ìwé kíkà mi ló ń dún yẹn. Ẹ̀rín ló fi ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń dùn mí.

Títí mo fi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, n kò kọ́ kíláàsì kan tí n kò kọ ọ̀rọ̀ yìí sójú pátákó fún. Gbólóhùn méjì ni mo máa ń kọ. Nínú àkọ́kọ́, ọmọ kan gbà fún àgbà. Nínú ìkejì, ọ́fíìsì kan sún owó àgbẹ̀ kan síwájú. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti mọ ìtumọ̀ méjèèjì tán, tí wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé, n kò ní jẹ́ kí wọ́n pa ìwé dé. Mo máa ń tọ́ka sí gbólóhùn kejì, mo sì máa ń bi wọ́n ní ìbéèrè tí kò sí nínú ìwé gírámà kankan: ta ló yẹ̀ fún ta?

Ẹ̀yin náà, ẹ máa bi wọ́n. Bí wọ́n bá kọ̀wé sí yín pé ọ̀rọ̀ yín ti di ọdún tó ń bọ̀, ẹ fi ọ̀wọ̀ kọ èsì, ẹ kí wọn dáadáa, nítorí ọmọlúàbí ni yín. Kí ẹ sì wá béèrè ọjọ́ tí wọ́n dá, àti orúkọ ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ yẹ ọjọ́ yín.